Ajá Tó Yẹ Kó Bù Mí Jẹ

Dókítà ajá ni mí. Ilé àwọn èèyàn ni mo ti máa ń fún ajá wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí ọ̀pọ̀ ajá ló jẹ́ pé tí wọ́n bá fi máa gbé e dé ọsibítù ẹran, ara ẹ̀ á ti máa gbọ̀n, á sì ti bu olówó ẹ̀ jẹ lọ́nà. Ẹ pè mí lórí fóònù, mo gbé kúlà oògùn mi, mo dé. Bí mo bá ti wọ àgbàlá yín, mo ti mọ̀ láti ara ìrù ajá yín bóyá á gbà fún mi tàbí kò ní gbà.

Ìrù ajá kò pa irọ́ fún mi rí. Èèyàn ló pa á fún mi.

Mò ń kọ èyí nítorí àwọn obìnrin tó wà bíi tèmi, tí wọ́n gbọ́n níbi iṣẹ́ tí wọ́n sì gọ̀ nílé. Ẹ má bínú pé mo lo ọ̀rọ̀ yẹn. Ara mi ni mo kọ́kọ́ fi bú.

Ọkọ mi kì í ṣe dókítà. Awakọ̀ ni nígbà tí mo pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ́wọ́ kan tí ajá fẹ́ràn. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ ọsibítù sílẹ̀ tí mo ní kí n máa lọ láti ilé dé ilé, òun ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló ń di ajá mú. Àwọn oníbàárà wa sọ ọ́ ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Èmi ni mo kàwé, èmi ni mo ní oògùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Dókítà, ṣé Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ á bá yín wá?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ajá ẹ̀ gbọ́ ìró ọkọ̀ wa, ló bá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò jáde mọ́ láyé. Tíṣà ti mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, inú ń bí i.

Ọkọ mi ní, "Ẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù."

Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá onítọ̀hún, ó kẹ̀yìn sí bẹ́ẹ̀dì bíi pé kò mọ̀ pé ajá wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá tíṣà jiyàn nípa ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́, imú dúdú kan yọ láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ajá náà ń wá bísíkíìtì tí ọkọ mi máa ń kó sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kó tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti gún un tán.

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, Ọlọ́run ló fi yín fún ara yín."

Mo gbà á gbọ́. Kí ló máa ṣe mí tí mi ò ní gbà á gbọ́?

Ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ni ohùn wa kì í ti í ṣọ̀kan. Mo fẹ́ bímọ. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọkọ mi á fà mí mọ́ra, á ní, "Dókítà mi, jẹ́ kí iṣẹ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná. Bí o bá lóyún báyìí, ta ló máa gún ajá? Ṣé kí ajá máa fò mọ́ ẹ níkùn ni?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ó ń dùn mí, mo bá gbé e lọ bá ìyá ọkọ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá ọkọ tó ń fojú yín gbolẹ̀, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé, Màmá yìí ló gba ipò rẹ̀. Òun ló ń dirun fún mi. Òun ló ń bu ẹran sílẹ̀ dè mí tí mo bá pẹ́ dé. Bí èmi àti ọmọ ẹ̀ bá ní gbólóhùn asọ̀, ẹ̀yìn mi ló ń wà, á ní kí ọmọ òun lọ bẹ̀ mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo máa ń fi í yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Màmá gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó fọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, "Ìyàwó mi, má kánjú. Ẹ ṣì kéré. Ọmọ ò ní sá lọ."

Bí mo ṣe mú sùúrù nìyẹn.

Ọdún tó kọjá, Màmá sọ fún wa pé àbúrò òun obìnrin ṣubú ní baluwẹ̀ nílùú kejì, ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, kò sì sí ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀. Ó ní òun á lọ bá a gbé fúngbà díẹ̀. Àánú ṣe mí. Mo ra ìpara tí wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀, mo ra aṣọ ìbora kan tó nípọn, aláwọ̀ òféfèé, tí àwòrán ẹyẹ funfun wà lára ẹ̀, mo ní kí ọkọ mi gbé e lọ fún wọn.

Màmá pè mí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ṣàdúrà fún mi títí mo fi ń ṣe àmín, àmín, ọrùn ń ro mí.

Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti ń lọ wò wọ́n ní ìparí ọ̀sẹ̀. Kò burú. Ọmọ tó mọyì ìyá ẹ̀ ni mo pè é.

Ajá wa nílé ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Pẹ̀lẹ́ lorúkọ ẹ̀, orúkọ náà sì ro ó, kì í gbó, kì í janpata. Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá ti dé láti ìrìn àjò náà, Pẹ̀lẹ́ á gbóòórùn bàtà ẹ̀, á gbóòórùn ṣòkòtò ẹ̀ dé ìbàdí, bí ẹní ń yẹ ẹrù wò níbodè. Tó bá parí, á lọ dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀, á kẹ̀yìn sí i.

Lọ́jọ́ kan, ó kùn mọ́ ọn. Mo jágbe mọ́ ajá náà.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀. Ó ń jowú ajá kan tó wà ládùúgbò àǹtí mi ni. Ajá yẹn ti sọ mí di ọ̀rẹ́."

Ẹ wò ó, èmi tí àwọn èèyàn ń pè láti wá túmọ̀ ohun tí ajá ń sọ fún wọn, mo gbà. Mo tún bá Pẹ̀lẹ́ wí, mo ní kó má hùwà ìlara.

Ìgbà kan tún wà tí mo fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó ń ta sánsán bíi pọ́dà tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára.

"Pọ́dà eégbọn ni," ló wí. "Ajá yẹn léégbọn, mo bá wọn fi pa á."

Pọ́dà eégbọn kì í rùn bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀. Iṣẹ́ mi ni.

Ìgbà kan sì wà tí mo pe Màmá tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kí àǹtí. Wọ́n ní ó ń sùn. Mo gbọ́ ẹkún ọmọ ìkókó lẹ́yìn ohùn wọn, ẹkún ọmọ tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n bí i.

"Ọmọ ta nìyẹn, Màmá?"

"Ọmọ ará ilé kejì ni, ìyàwó mi. Kì í jẹ́ ká sinmi."

Mo ní ẹ kú ìfaradà. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ara ò fu mí. Ó dùn mọ́ mi láti má mọ̀ ni. Mo ní ọkọ tí gbogbo èèyàn ń yìn, mo ní ìyá ọkọ tó ju ìyá lọ, iṣẹ́ ń lọ. Bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ lè dàrú. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, ọkọ mi ti gbé ọkọ̀ lọ kó oògùn ní ilé ìkóoògùnsí, ní òdìkejì ìlú. Èmi ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé. Fóònù dún. Ohùn obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ni, ó ń gbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Dókítà Ajá ni? Aládùúgbò kan ló fún mi ní nọ́ńbà yín. Ajá dìgbòlugi wọ àdúgbò wa láàárọ̀ yìí. Ó ti bu ajá ilé kejì jẹ. Wọ́n ti pa á, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní gbogbo ajá tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́, àwọn máa kó o lọ."

"Tiyín ńkọ́? Ṣé ajá yẹn fara kàn án?"

"Rárá o, géètì wa wà ní títì. Àmọ́ tèmi ò gba abẹ́rẹ́ rí, Dókítà. Ọmọ ìkókó sì wà nílé."

"Kí ló dé tí kò gbà rí?"

"Ọkọ mi ní òun á mú dókítà wá. Ó ti ń sọ ọ́ látìgbà tí ajá ọ̀hún ṣì wà lọ́mọ. Ìyá ọkọ mi náà ní kí n ṣe sùúrù kó dé. Wọ́n ń sùn lọ́wọ́ ni mo fi yọ́ pè yín."

"Ṣé ó máa ń bu èèyàn jẹ?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ṣọ́ra lorúkọ ẹ̀, Dókítà."

Mo pe ọkọ mi, fóònù ẹ̀ kò lọ. Mo ní n kò lè dúró dè é, ọ̀rọ̀ dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń fàkókò ṣòfò. Mo kó oògùn tó kù nínú fíríìjì sínú kúlà kékeré, mo to yìnyín yí i ká. Jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi wà lórí okùn, omi ń ro lára ẹ̀. Ti ọkọ mi ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, èyí tó nípọn, tí eyín ajá ò lè gba inú ẹ̀ kọjá. Òun ni mo wọ̀. Ó gùn mí dé itan. Mo wọ takisí lọ sí àdúgbò tó júwe, nínú ìlú wa níbí náà.

Ilé kékeré kan ni, ọ̀dà ara ẹ̀ ṣì ń dán. Wọ́n da báàfù ìwẹ̀ ọmọ dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ìlédìí ọmọ funfun kún orí okùn. Obìnrin náà ṣí géètì fún mi. Ó kéré sí mi, ojú ẹ̀ wú bíi tẹni tí kò rí oorun sùn, omi ọmú ti rin aṣọ ẹ̀ láyà. Ìyá Ìkókó ni n ó máa pè é níhìn-ín.

Ajá náà wà lórí ṣéènì níbi òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ajá ńlá ni, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú. Bó ṣe rí mi, ó fò sókè, ṣéènì fà á padà, ó tún fò.

"Ẹ má sún mọ́ ọn o!" Ìyá Ìkókó kígbe. "Ẹni tó wá ka mítà iná, ìdajì ṣòkòtò ẹ̀ ló gbé lọ sílé!"

Mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo dúró, mo fi ẹ̀gbẹ́ mi sí i, n kò wò ó lójú. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀.

Gbígbó náà dá wáí, bí ìgbà tí èèyàn bá pa rédíò. Ó gbé imú sókè. Etí ẹ̀ wálẹ̀. Ìrù ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jù, kì í ṣe ìrù nìkan, gbogbo ìdí ẹ̀ ló ń jù. Ó ń ké bí ọmọdé, ó tọ̀ sílẹ̀ fún ìdùnnú, ó dojú bolẹ̀, ó ń fi àyà wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ìyá Ìkókó fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Dókítà, kí lẹ fi para? Ajá yìí ò ṣe báyìí fún ẹnikẹ́ni rí, àfi bàbá ẹ̀!"

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ fún ara mi pé èmi náà ti di Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ajá náà. Ajá tó bá ń pàdé èèyàn fúngbà àkọ́kọ́, ọwọ́ ló máa ń gbóòórùn, tàbí bàtà. Èyí kò gbóòórùn nǹkan kan. Ó ti imú bọ inú jákẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ tààrà sí àpò inú, lápá òsì, níbi tí bísíkíìtì máa ń wà. Kò wá a. Ó mọ ibẹ̀.

Ó jẹ ẹ̀rún bísíkíìtì tó bá níbẹ̀ tán, ó gbójú sókè wò mí. Ó wo ojú mi, ó tún gbóòórùn jákẹ́ẹ̀tì, ó tún wo ojú mi. Ó wá ń sunkún díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀fun. Kì í ṣe èmi ló ń wá.

Mo wo jákẹ́ẹ̀tì tó wà lára mi.

A kò wá sí ilé yìí rí. Ká tiẹ̀ ní a wá, gbogbo ajá tí a bá ti gún lábẹ́rẹ́ ló máa ń sá fún wa nígbà kejì. Èyí tó bá yọ̀ mọ́ òórùn yìí, inú ilé ló ti mọ̀ ọ́n.

Mo ṣí kúlà, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Mo béèrè bíi pé mò ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, "Irú iṣẹ́ wo lọkọ yín ń ṣe?"

"Oògùn ẹran ni wọ́n ń tà kiri. Wọn kì í gbélé, ìparí ọ̀sẹ̀ la máa ń rí wọn. Tí wọ́n bá ti dé, èmi àti ọmọ ò já mọ́ nǹkan kan lójú ajá yìí mọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi lọ́wọ́ kan tí ajá fẹ́ràn."

Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ló ń sọ yẹn. Báyìí ni mo ṣe máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn náà.

Ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí. Mo gbọ́ ohùn kan tí ń bọ̀ láti inú ilé.

"Ìyá Ìkókó, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níta? Ọmọ ti jí o."

Màmá ló jáde. Ó gbé ọmọ tuntun sí èjìká. Aṣọ ìbora òféfèé ni wọ́n fi wé e, àwòrán ẹyẹ funfun wà lára ẹ̀.

Ó rí mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹ̀, kì í ṣe òun ló rán an níṣẹ́.

"Ìyàwó mi..."

"Mà," ni mo dá a lóhùn.

"Mà," ni Ìyá Ìkókó dá a lóhùn.

Àwa méjèèjì la jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. A yíjú, a wo ara wa.

Ajá náà ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́sẹ̀ mi.

Ohùn mi jáde, ó rọlẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. "Màmá, ẹsẹ̀ àǹtí ńkọ́?"

"Ó... ó ti ń san, a dúpẹ́."

"Èwo nínú ẹsẹ̀ wọn ló kán?"

Ó ń tún aṣọ ìbora ọmọ dì.

Ìyá Ìkókó ń wo wá. "Ẹsẹ̀ ta ni? Màmá, ẹ mọ Dókítà ni?"

Màmá gbé ọmọ náà láti èjìká kan sí èkejì. Ó ní, "Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n... wọ́n bá wa tọ́jú ajá kan nígbà kan rí."

Ó fi mí ṣe "wọ́n", bí ẹni tó pàdé lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń dirun fún mi. Ìgbà yẹn ni nǹkan kan já nínú mi, kì í ṣe ìgbà tí mo rí ọmọ.

Èrò tó wá sí mi lọ́kàn kò dára. Mo ní kí n pa kúlà dé, kí n sọ pé oògùn ti gbóná lọ́nà, ó ti bàjẹ́, kí wọ́n dúró de bàbá ajá kó wá mú dókítà wá bó ṣe ṣèlérí. Wọn ò lè já mi nírọ́. Kí wọ́n wá kó ajá ẹ̀ lọ. Kí òun náà sunkún lórí nǹkan kan.

Mo wo ọmọ náà. Ó ti yọ ọwọ́ kan jáde nínú aṣọ ìbora mi, ó ń wá ọmú. Kò mọ̀ wá rí, kò sì dá wa lẹ́ṣẹ̀.

Mo fa oògùn. Mo fa awọ ọrùn Ṣọ́ra sókè, mo gún un. Kò tiẹ̀ mọ̀, imú ẹ̀ wà nínú àpò. N kò di ẹnu ẹ̀, n kò ké sí ẹnikẹ́ni kó bá mi mú un. Òórùn ọkọ mi ni mo fi dì í mú.

"Oògùn yìí ò ní ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀," mo sọ fún Ìyá Ìkókó. "Ẹ má tú u sílẹ̀ níta. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọmọ títí oṣù yìí á fi parí. Bí wọ́n bá wá kó ajá, ẹ ní kí wọ́n pè mí."

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ ṣeun gan-an. Èló la máa..."

Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà. Mo nà án sí i. "Ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò."

Ó wò mí bíi wèrè. Ó gbà á, ó gbé e sí imú. Ó tún gbé e sí imú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi í síbẹ̀, ojú ẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Ti ọkọ mi ni," ló wí. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi."

Mo mọ̀ pé mo lè rọra sọ ọ́. Kò mọ nǹkan kan, bí wọ́n ṣe tàn mí náà ni wọ́n ṣe tàn án. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíì náà gbọ́ ọ bó ṣe dun èmi.

Màmá ti ń tẹ orúnkún wálẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá.

"Ẹ má kúnlẹ̀, Màmá. Ọmọ á já bọ́."

"Mo fẹ́ rí ọmọ ọmọ mi kí n tó kú, ìyàwó mi. Ìyẹn nìkan ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má kánjú!"

"Ọmọ mi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí o bá bímọ, iṣẹ́ á dúró. Mi ò lè..."

"Nígbà tó ń fẹ́ ẹ, ẹ mọ̀ sí i?"

Màmá wolẹ̀. Ìyá Ìkókó ló dá mi lóhùn. Jákẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà láyà ẹ̀, omijé ti ń bọ́.

"Màmá yìí ló fi ọwọ́ mi lé ọmọ wọn lọ́wọ́," ló wí. "Wọ́n ní kí n tọ́jú òun dáadáa, pé òun ò ní ẹlòmíì tí òun ń pè ní ìyàwó."

Mo gbé kúlà mi, mo jáde. Ajá náà sunkún tẹ̀ lé mi títí ṣéènì ẹ̀ fi tán.

Ọkọ mi wọlé nírọ̀lẹ́, ó ń súfèé. Ó gbé kúlà ńlá sí èjìká, òógùn bò ó. "Dókítà mi! Oògùn ti dé o. Mo rí i pé o pè mí, iná ló tán lórí fóònù."

"Mo ti fún Ṣọ́ra ní abẹ́rẹ́," ni mo sọ.

Ìfé náà dá lẹ́nu ẹ̀. Ó rọra gbé kúlà sílẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń wá irọ́ kiri nínú orí ẹ̀, tí kò rí èyí tó máa bá a mu. Mo ti ronú lórí ohun tí á kọ́kọ́ sọ. Mo rò pé á ní irọ́ ni, tàbí pé á bẹ̀bẹ̀, tàbí pé á bi mí pé ta ló tú òun fó.

Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan? Ajá dìgbòlugi ni? Ọmọ ńkọ́?"

Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń wá a. Mo dúró síwájú ẹ̀ pẹ̀lú ojú tó wú, kò rí mi. Ibi tí ilé ẹ̀ wà ni ọkàn ẹ̀ ti sáré lọ.

"Alààyè ni ọmọ ẹ," mo wí. "Máa lọ bá a."

Ìgbà yẹn ló wá kúnlẹ̀, tó ń pè mí ní Dókítà mi, Dókítà mi, pé èṣù ni. Mo ní kó dìde. Mo kó oògùn sínú fíríìjì kí ó má baà bàjẹ́, mo kó aṣọ ẹ̀ fún un nínú àpò, mo ti ilẹ̀kùn. Pẹ̀lẹ́ ò tiẹ̀ dìde níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

Mo ti gbọ́ pé Ìyá Ìkókó náà kò ṣí géètì fún un. Ìyẹn kù sí ọwọ́ wọn.

Èmi nìkan ló ń lọ láti ilé dé ilé báyìí. Mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì di ajá mú tí á sì fi ọwọ́ kan gún un. Àwọn oníbàárà á ní, "Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ńkọ́?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ̀yin arábìnrin mi, bí ohun tí ẹ mọ̀ dunjú níbi iṣẹ́ yín bá ń sọ̀rọ̀ fún yín nínú ilé yín, ẹ má bá a wí pé kó dákẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn, ó sì ná mi ní ọkọ.

Ṣùgbọ́n kò ná mi ní ọkọ nìkan. Ọkọ mi ni mo lé jáde, ìyá ẹ̀ ni mò ń sunkún. Bí irun mi bá ti hu, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ lọ bá.

Màmá ń pè mí láràárọ̀. N kì í gbé e. Mo máa ń gbé fóònù náà sórí tábìlì, mo máa ń wò ó bó ṣe ń dún, títí á fi dákẹ́, kí n tó lọ to yìnyín sínú kúlà.

Láàárọ̀ àná, kò pè. Mo yẹ fóònù náà wò bóyá iná ti tán lórí ẹ̀.